Aránṣọ Tó Máa Ń Lọ Wo Omi

Nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀ ní Bantè, tí àwọn àgbẹ̀ ti wọ oko iṣu lọ, ọjà a máa dá. Ẹni tó ń ta aṣọ a ká ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Àwọn tó ń ta epo bẹntiróò nínú ìgò lẹ́bàá títì a sùn lọ sórí àga. Ṣùgbọ́n àwọn aránṣọ ló máa ń bú òjò jù, nítorí ta ló fẹ́ wọ aṣọ tuntun nínú ẹrẹ̀, nígbà tí owó ilé ti wọ inú ebè tán? Nínú gbogbo aránṣọ Bantè nígbà náà, ẹnì kan ṣoṣo ni kì í bú òjò. Moumouni lorúkọ rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Yàrá kan ni, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀, tábìlì tó fi ń gé aṣọ, àti alùpùpù ògbólógbòó kan tó máa ń gbé sínú ilé kí òjò má baà pa á. Bí ojú ọ̀run bá ṣú láti ìlà oòrùn, tí atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í gbá eruku àti ọ̀rá kiri, àwọn ẹlòmíràn a máa sáré kó ẹrù wọlé. Moumouni a fi ọ̀rá bo ẹ̀rọ rẹ̀, a lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, a na ọwọ́ méjèèjì síta bí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ abiyamọ.

Inoussa, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta epo lódìkejì títì, a máa pariwo sí i pé, "Moumouni, òjò yìí ló ń lé oníbàárà rẹ lọ, ìwọ sì ń rẹ́rìn-ín sí i!"

"Oníbàárà á padà wá," ni Moumouni máa ń dáhùn. "Àmọ́ òjò tòní, tó bá ti dá, ó parí nìyẹn."

Koko ni wọ́n bí i sí, nílé àwọn àgbẹ̀, níbi tí òjò ti jẹ́ iṣẹ́, tí kì í ṣe ìgbádùn. Savalou ni wọ́n ti kọ́ ọ láti fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n mú un lọ síbẹ̀ láti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Abdulwasiu, ọmọ Ṣakí tó ti pẹ́ nílùú náà. Abdulwasiu le púpọ̀. Bí ipa abẹ́rẹ́ bá yà díẹ̀, yóò tú gbogbo rẹ̀, yóò ní kí o tún un rán. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú tí òjò bá ti rọ̀ mọ́jú, yóò ti ṣọ́ọ̀bù, yóò kó àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ gun orí òkè. Òkè yí Savalou ká, òkúta gbàgàdà-gbàgàdà, tí koríko ń hù láàárín wọn. Wọn a jókòó síbẹ̀, wọn a máa wo páànù ìlú náà tó ti di dúdú nínú omi, àti igbó tó ń rú èéfín títí dé ibi tí ojú kò ká mọ́.

"Ẹ wò ó dáadáa," ni ọ̀gá náà máa ń wí. "Ẹni tó bá ń tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́ láti òwúrọ̀ dalẹ́ gbọ́dọ̀ máa wo ọ̀nà jíjìn."

Àwọn yòókù ń wo aago. Moumouni ń wò ó dáadáa.

Nígbà tó gba òmìnira, ó fẹ́ Moutiatou, ọmọbìnrin Savalou kan tó ń sọ èdè Mahi lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, tó sì ń sọ tiwa lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ó mú un wá sí Bantè. Ní ìgbà òjò àkọ́kọ́ tí wọ́n jọ lò, Moumouni gbé e sẹ́yìn alùpùpù, wọ́n gba ọ̀nà Agoua lọ. Nígbà tí wọ́n padà dé lálẹ́, ẹrẹ̀ ti bo wọ́n dé orúnkún, obìnrin kan nínú agbo ilé sì bi Moutiatou pé níbo ni wọ́n lọ.

"Odò," ni Moutiatou wí.

"Ẹ lọ pọn omi ni?"

"Rárá o. A lọ wò ó ni."

"Ẹ lọ wo omi?" Obìnrin náà pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n wá gbọ́. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe Moumouni ní Aláwòmi. Kò bínú. Ó ní orúkọ náà dùn ju èyí tí wọ́n fi ń pe àwọn kan nílùú lọ.

Ibi tí wọ́n máa ń lọ náà wà lẹ́yìn Agoua, ní etí igbó ìjọba. Alùpùpù ò lè dé ibẹ̀ tán. Wọn a fi í sílẹ̀ lábẹ́ igi èmí kan, wọn a fẹsẹ̀ rìn gba inú koríko títí wọ́n á fi máa gbọ́ ariwo. Lẹ́yìn náà ni odò á yọ sí wọn lójijì, omi pupa tó ń bọ́ láti orí òkúta kan sórí òmíràn, tó ń ho bí ọtí ọkà. Òkúta pẹlẹbẹ kan wà létí rẹ̀ tí ènìyàn mẹ́wàá lè jókòó sí. Níbẹ̀ ni wọ́n ti máa ń dáná, tí wọ́n á sun àgbàdo tútù, tí wọ́n á fi olú tí wọ́n já lójú ọ̀nà sínú ìkòkò kékeré pẹ̀lú iyọ̀ àti ata.

Wọ́n bí Nafissath, wọ́n pọ̀n ọ́n lọ. Ó ń rìn, wọ́n mú un lọ́wọ́ lọ. Ní ìgbà òjò ọdún 1993, ọmọ náà ti tó ẹni ọdún mẹ́fà, ó ti mọ ọ̀nà ju ìyá rẹ̀ lọ, ó sì ń sáré ṣáájú. Ọjọ́ kan wà lọ́dún yẹn tí Moutiatou ò gbàgbé. Inoussa tẹ̀lé wọn lọ lọ́jọ́ náà, ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí ohun tó ń dà wọ́n láàmú. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ó sì dá ní òwúrọ̀. Gbogbo ewé ń kán. Nafissath rí àwọn kòkòrò pupa kéékèèké tó máa ń jáde látinú ilẹ̀ lẹ́yìn òjò, tí ara wọn rí bí aṣọ àrán. Ó kó wọn sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé wọn wá fún bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ fi wọ́n rán aṣọ fún mi."

"Aṣọ irú wọn á wúwo fún ọ," ni Moumouni wí. "Jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Wọ́n ń wá ìyá wọn."

Ó gbé ọmọ náà sí èjìká, ó wọ inú omi lọ títí dé ìbàdí, ó dúró níbi tí ìfófòó ti ń ta sí wọn lójú. Ọmọ náà ń ké, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń di irun bàbá rẹ̀ mú. Inoussa jókòó sórí òkúta, àgbàdo lọ́wọ́ rẹ̀.

"Moumouni," ló wá wí nígbà tó yá, "mo rò pé ara rẹ ò dá ni tẹ́lẹ̀. Ó dára níbí."

Àwọn amùkúrù, eṣinṣin etí odò, ń jẹ wọ́n. Wọ́n dúdú, wọ́n kéré, ẹ̀yìn wọn gbun, ibi tí wọ́n bá sì jẹ, ẹ̀jẹ̀ a yọ síbẹ̀ bí orí abẹ́rẹ́. Moutiatou ń fi ewé lé wọn lára ọmọ. Moumouni ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, pé amùkúrù kì í pa ènìyàn.

Lójú ọ̀nà ìpadàbọ̀, wọ́n kọjá ní ibi ògiri àtijọ́ kan tí koríko ti bò. Moutiatou dúró wò ó.

"Ilẹ̀ tó dára báyìí, kí ló dé tí wọ́n fi kúrò níbẹ̀?"

"Bóyá omi máa ń kún wọlé bá wọn," ni Moumouni dáhùn. Wọ́n bá tiwọn lọ.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé e ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún Moumouni. Kì í ṣe yíyún tí ènìyàn ń fi èékánná họ tó ń tán. Á máa họ ọ́ lójú oorun. Á fi ṣúkù àgbàdo họ ẹ̀yìn rẹ̀, á fi í gbo ògiri, Moutiatou á tún bá a fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́. Ojúgun rẹ̀ bó, ó ń funfun ní tótòtó bí ara ẹkùn. Kókó kan yọ ní ìbàdí rẹ̀, kò dùn ún, ó kàn ń yí sọ́tùn-ún sósì lábẹ́ ìka. Àwọn àgbà wò ó, wọ́n ní ìnárun tó ń mú ara yún ni, wọ́n ní kó máa fi ọṣẹ dúdú àti ewé wẹ̀. Ó wẹ̀. Yíyún náà a fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, a tún padà. Ó mọ́ ọn lára bí gbèsè ṣe máa ń mọ́ ènìyàn lára. Nígbà tí òjò dé, wọ́n tún lọ sódò.

Ojú rẹ̀ kò lọ lẹ́ẹ̀kan. Ká ní ó lọ lẹ́ẹ̀kan ni, bóyá ìbẹ̀rù ì bá ti gbé wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà kíákíá. Ìmọ́lẹ̀ ló kọ́kọ́ ń ta á lójú, tí omi ń dà. Lẹ́yìn náà, tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á kọsẹ̀ lára ewúrẹ́ tó dùbúlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀. Ó ní ewúrẹ́ Bantè ti pọ̀ jù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀rọ rẹ̀ jáde síta kó lè rí iṣẹ́ ṣe. Nígbà tó yá, kò rí ohun tó wà lápá ọ̀tún àti apá òsì mọ́, ohun tó wà níwájú gan-an nìkan ló ń rí, bí ẹni tó ń yọjú láti inú ihò odi. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín.

Ìléyá ọdún 1996 ló tú u fó. Lassissi, oníṣòwò aṣọ kan tó ti ń ránṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ìgbà tí Moumouni ti dé Bantè, gbé agbádá wá fún un. Aṣọ olówó ni, funfun, tó ní ojú àti òdì. Lọ́jọ́ tí ọdún ku ọ̀la, Lassissi padà wá pẹ̀lú aṣọ náà lọ́wọ́. Moumouni wà nídìí ẹ̀rọ, Moutiatou ń gbálẹ̀.

"Moumouni, ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?" ni Lassissi bi í jẹ́jẹ́.

"Kí ló ṣẹlẹ̀, Alhaji?"

"Apá kan agbádá yìí, òdì ló kọjú síta. Òwú tó o sì fi rán ọrùn rẹ̀, òwú dúdú ni."

Moumouni gba aṣọ náà. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà. Ó fi ọwọ́ pa á. Moutiatou fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó wá dúró tì í, ó wo ojú ọkọ rẹ̀ bí ẹni tó ń wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó rí i pé ẹyinjú náà ti ní àwọ̀ omi ìrẹsì.

"Bàbá Nafissath," ló wí, "òwú wo lẹ rò pé ẹ fi rán an?"

"Funfun ni," ni Moumouni dáhùn. "Mo fi funfun rán an."

Lassissi ní kò burú, òun á wọ agbádá èṣí. Ó lọ. Kò mú aṣọ náà dání.

Wọ́n wọ takisí lọ sí Savalou lẹ́yìn ọdún. Dókítà tó wò ó jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin, Faransé ló ń sọ, nọ́ọ̀sì obìnrin kan sì ń túmọ̀. Wọ́n fi iná wo ojú rẹ̀. Wọ́n ní kó bọ́ ṣòkòtò rẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan kókó ìbàdí rẹ̀, wọ́n wo ojúgun rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì náà bi í pé, "Bàbá, ṣé ẹ̀bá odò lẹ ń gbé?"

"Rárá o, Bantè ni mò ń gbé. Aránṣọ ni mí."

"Ẹ kì í dé odò kankan? Odò tí omi rẹ̀ ń sáré, tó ń bọ́ láti orí òkúta?"

Inú Moumouni dùn. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi í léèrè nípa rẹ̀. Ó sọ fún wọn nípa ibi tó wà lẹ́yìn Agoua, bí omi ṣe máa ń ho, bí òkúta pẹlẹbẹ náà ṣe rí, àgbàdo sísun, àwọn kòkòrò pupa. Ó ní bí àwọn náà bá fẹ́, kí wọ́n wá nígbà òjò, òun á mú wọn lọ. Nọ́ọ̀sì náà kò túmọ̀ gbogbo rẹ̀. Nígbà tó sọ díẹ̀ fún dókítà, dókítà fi gègé rẹ̀ lélẹ̀, ó béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo.

"Ó ní ta ló máa ń bá yín lọ," ni nọ́ọ̀sì náà wí.

"Ìyàwó mi. Àti ọmọ mi."

"Lọ́dọọdún?"

"Lọ́dọọdún."

Wọ́n wá sọ fún wọn. Amùkúrù tó ń jẹ wọ́n níbẹ̀ ló ń gbin aràn kéékèèké sára ènìyàn. Inú omi tó ń sáré ló ń yé sí. Àwọn aràn náà ló ń fa yíyún, àwọn náà ló sì ń wọ ojú lọ, tí wọ́n á kú sínú rẹ̀, tí ojú á fi di òkú pẹ̀lú wọn. Nítorí rẹ̀ ni àwọn ará abúlé kan ṣe ń sá fi ilẹ̀ rere etí odò sílẹ̀. Oògùn wà, wọn ò ní gbowó rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ènìyàn ń mu ún.

"Ṣé ojú mi á wá padà?" ni Moumouni béèrè.

Nọ́ọ̀sì náà kò dúró kí dókítà dáhùn. "Bàbá, oògùn náà kì í dá ojú tó ti lọ padà. Ohun tó bá kù ló ń dáàbò bò. Tiyín ò kù púpọ̀."

Moutiatou sọ̀rọ̀ ní èdè Mahi. Ó ń bi nọ́ọ̀sì náà nípa Nafissath. Nọ́ọ̀sì náà ní kí wọ́n mú un wá, kí ìyá àti ọmọ jọ gbàyẹ̀wò. Moumouni gbọ́ èdè náà dáadáa, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Nínú takisí tí wọ́n bá padà, òjò bẹ̀rẹ̀. Òjò ńlá ni, ó ń lu òrùlé ọkọ̀ bí ẹni ń da òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀. Moumouni yí ojú sí gíláàsì, ṣùgbọ́n àwọ̀ eérú lásán ló rí. Moutiatou súnmọ́ ọn.

"Ta ló rán wa lọ wo omi?" ló wí wẹ́lẹ́.

Kò gbé ohùn sókè, kò sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ mìíràn. Ìbá sàn fún Moumouni bó bá pariwo.

Wọ́n mú Nafissath lọ. Wọ́n bá kókó méjì lára rẹ̀, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà, ọ̀kan nítòsí etí. Ojú rẹ̀ ṣì dára. Wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n fún ìyá rẹ̀ náà. Ti ìyá kò ṣe nǹkan kan. Ti ọmọ, bí àwọn aràn náà ṣe ń kú lára rẹ̀, ara rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ wú débi pé ojú náà ò ṣeé là, ó ń yún, ó ń gbóná, ó ń sunkún pé òun ti fọ́jú bíi bàbá òun. Moumouni jókòó tì í, ó fẹ́ fi omi tútù sí i níwájú orí. Ọmọ náà gbọ́n ọwọ́ rẹ̀ dànù.

"Ẹ má fọwọ́ kàn mí," ló wí. "Ẹ̀yin lẹ mú mi lọ síbẹ̀."

Wíwú náà rọlẹ̀, ojú ọmọ náà là, ara rẹ̀ sì yá. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, tí òjò bá ti ṣú, Nafissath á wọlé, á ti fèrèsé, á fi aṣọ bo orí. Wọ́n sọ fún un pé kì í ṣe òjò ló ń bu ènìyàn jẹ. Ó ní òun mọ̀. Kò yí padà.

Nígbà tí ọdún 1997 fi máa parí, Moumouni kò mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru. Inoussa bá a ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ fún aránṣọ kan ní Koko, alùpùpù náà sì tẹ̀lé e. Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn ènìyàn ń wá kí i. Wọ́n á jókòó, wọ́n á sọ fún un pé Ọlọ́run ló mọ ìdí. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹsẹ̀ wọn dín. Kò sí ẹni tó pè é ní Aláwòmi mọ́, orúkọ náà ti di ohun tí ojú ń tini láti sọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti òwúrọ̀, tí yóò máa fi àtàǹpàkò pa ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀, ní ibi tí abẹ́rẹ́ ti sọ di líle.

Ohun kan ṣoṣo ló béèrè. Kì í ṣe odò, kò dárúkọ odò mọ́. Ó ní kí wọ́n mú òun gun orí òkè Savalou lẹ́yìn òjò, níbi tí kò sí omi tó ń ṣàn, tí kò sí amùkúrù. Nígbà tó di oṣù Keje ọdún tó tẹ̀lé e, tí wọ́n lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan nílé àwọn ẹbí ìyàwó rẹ̀ ní Savalou, tí òjò sì rọ̀ mọ́jú, Moutiatou sọ fún Nafissath pé kó mú bàbá rẹ̀ lọ.

Ọmọ náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n gun òkè náà díẹ̀díẹ̀, òkúta ń yọ̀, Moumouni ń fi ẹsẹ̀ wá ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n dé ibi tó tẹ́jú, tó ti mọ̀ pé ibẹ̀ ni nípa atẹ́gùn tó ń fẹ́ sí i láyà, ó jókòó. Ó mí kanlẹ̀. Òórùn ilẹ̀ tútù gba imú rẹ̀.

"Nafissath, kí lò ń rí?"

"Ilé, Bàbá."

"Kí ló tún wà níbẹ̀?"

"Páànù. Igi."

"Báwo ni igbó tó wà lẹ́yìn ilé ṣe rí? Ṣé èéfín ń rú lórí rẹ̀? Ṣé o rí ibi tí àwọ̀ ewé ti ń yí padà, tó ń di bíi aró?"

Ọmọ náà wò ó díẹ̀. "Ewé ni, Bàbá. Gbogbo rẹ̀ rí bákan náà."

Moumouni fẹ́ sọ fún un bó ṣe rí. Ó ya ẹnu rẹ̀. Ó sọ pé nígbà tí òun wà lọ́mọ iṣẹ́, bí òjò bá dá, ìlú náà máa ń dà bí, ó máa ń dà bí... Ó wá a, kò rí i. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n àwòrán tó yẹ kó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti ń ṣá bí aṣọ tí wọ́n sá sóòrùn jù. Ó gbìyànjú láti rántí ojú Nafissath lórí èjìká òun nínú omi. Kò sí ojú níbẹ̀. Ẹ̀rín nìkan ló gbọ́.

"Bàbá, ó tún ti ń ṣú," ni ọmọ náà wí. "Ẹ jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀."

"Jẹ́ kí òjò kọ́kọ́ pa wá díẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́."

Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí òjò já lù wọ́n. Ẹsẹ̀ Moumouni yọ̀, ó ṣubú, ó fa ọmọ náà lulẹ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, wọ́n jọ fi ìdí wọ́ lórí òkúta títí igi kan fi dá wọn dúró. Wọn ò fara pa jù, orúnkún ọmọ náà ló bó. Ó jókòó sínú òjò, ó ń sunkún, kì í ṣe nítorí orúnkún rẹ̀.

"Ẹ má ní kí n mú yín wá mọ́, Bàbá. Èmi ò rí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kí n rí."

"Mo gbọ́," ni Moumouni wí. "Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀ mọ́."

Kò sì sọ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn ìgbà òjò náà, Moutiatou kó lọ sí Savalou láti máa ta gààrí lọ́jà, ó sì mú Nafissath dání kó lè máa lọ sílé ìwé níbẹ̀. Oúnjẹ ló ń wá lọ, ẹnikẹ́ni ò lè bá a wí. Kò kọ ọkọ rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́ ó ń wá ní ọjọ́ ọjà, ó ń gbé ọṣẹ àti ẹja wá. Lẹ́yìn náà, ó ń fi rán awakọ̀. Lẹ́yìn náà, awakọ̀ náà kò dúró mọ́. Memounatou, ẹ̀gbọ́n Moumouni obìnrin, ló wá láti Koko, tó bá a di ẹrù, tó mú un lọ sílé tí wọ́n bí wọn sí. Inoussa sìn wọ́n dé ibi ọkọ̀. Ó fi ìgò epo àtùpà kan sínú ẹrù wọn, kó tó wá rántí ẹni tó ń fún.

Ní Koko, iṣẹ́ tí Moumouni ń ṣe ni yíyin àgbàdo. Ìka rẹ̀ ṣì yára. Wọ́n á da àgbàdo gbígbẹ síwájú rẹ̀ lówùúrọ̀, nígbà tí wọ́n bá toko dé, ó ti yin ín tán. Tí òjò bá ń bọ̀, Memounatou á fà á wọlé pẹ̀lú àga rẹ̀. Kò janpata. Níbi tí wọ́n bá gbé e sí ló máa ń wà.

Ní ọdún 1999, àwọn tó ń pín oògùn ìnárun, irú èyí tí wọ́n fún Nafissath, dé Koko, wọ́n ní gbogbo ìlú ló máa mu ún. Wọ́n gbé ọ̀pá gígùn kan tí wọ́n fi ọ̀dà kùn wá, wọ́n nà án mọ́ ògiri, olúkúlùkù sì ń lọ dúró tì í kí wọ́n lè fi gíga rẹ̀ mọ iye hóró tó máa mu. Àwọn ọmọdé ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń na ọrùn. Memounatou fa àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ dé ìdí ọ̀pá náà. Obìnrin tó ń pín oògùn wo ojú rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ kí bàbá yìí náà mu ún ni?"

Moumouni gbọ́ ọ. "Ẹ ní gbogbo ìlú ni," ló wí.

Wọ́n fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri. Ó dúró ṣánṣán. Wọ́n ka hóró náà sí i lọ́wọ́, wọ́n fi ife omi lé ọwọ́ rẹ̀ kejì. Ó gbé e mì, ó dá ife náà padà, ó sì dúró síbẹ̀ títí ẹnì kan fi sọ fún un pé kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ti kan ẹlòmíràn.